Ọjọ́ Tí Mo Mú Màámi Lọ Wo Òkun

Ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ ni mo ti lò l'Ékòó kí n tó fojú kan òkun. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, oṣù àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀ kò tíì pé tí mo ti sọ fún Màámi pé mo ti rí i.

Orí fóònù ni. Mo dúró lẹ́yìn ilé tí mò ń gbé ní Ailegun, níbi tí àwa ayálégbé ti ń fọṣọ, mo fi ìka di etí kan nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀ ilé kejì. Màámi wà nílé wa ní Ṣakí. Wọ́n ti ṣí ohùn fóònù náà sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́ mi. Mo ń gbọ́ ikọ́ Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó ti jẹ́ olórí ẹbí wa láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kú.

"Wọ́n ní òkun ló parí Èkó," ni Màámi wí. "Ṣé o ti rí i?"

"Mo ti rí i, mà. Ọ̀kánkán ọ́fíìsì wa ló wà."

Mo gbọ́ bí inú wọn ṣe dùn lọ́hùn-ún. Irọ́ méjì ni mo pa nínú gbólóhùn kan. N kò rí òkun, n kò sì ní ọ́fíìsì.

Ọmọ ìlú wa kan, tó máa ń fi mọ́tò wá sílé lọ́dọọdún, ló sọ fún Bàbá Àgbà pé àyè iṣẹ́ wà fún mi ní ọ́fíìsì kan ní Marina. Olùkọ́ ni mí nílé. Bàbá Àgbà pe ẹbí jọ, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n ní èmi ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ilé wa tí yóò jókòó sídìí tábìlì l'Ékòó. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ ní Òṣòdì, mo pe ọkùnrin náà. Fóònù rẹ̀ kò lọ. Mo pè é lọ́jọ́ kejì, mo pè é lọ́jọ́ kẹta. Bó kú ni, n kò mọ̀. Bó yè ni, n kò mọ̀, títí dòní.

Bọ́lá, tí a jọ wà ní kíláàsì kan náà nílé ìwé, ló gbà mí sínú yàrá rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan láti kí àwọn ará ilé náà, bí a ti ń ṣe nílé. Yàrá mọ́kànlá ló kọjú síra wọn. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà kẹrin, obìnrin tó ń fọ eyín níbẹ̀ tu itọ́ dànù, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Kí lo fẹ́ yá?"

Mo ní mi ò fẹ́ yá nǹkan kan, pé mo ní kí n kí wọn ni.

"O kú àárọ̀ náà," ló wí, ó sì ti ilẹ̀kùn. N kò dé yàrá karùn-ún.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Bọ́lá ní kí n lọ ra bàtà tó dáa ní ọjà Aswani kí n lè máa fi wá iṣẹ́ kiri. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọjọ́ tí ọjà náà máa ń kún jù. Bí mo ṣe wọ ìlà àwọn aláṣọ ni òjò dé láìṣú. Ìyá kan ti pàtẹ aṣọ síta lórí tábìlì gígùn, wọ́n ń sáré kó o wọlé, ọwọ́ wọn kò ká a. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo kó èyí tó wà níwájú mi, mo bá wọn sáré wọlé, mo tún jáde, mo tún kó. Nígbà tí a ṣe tán, àwa méjèèjì ti rin gbindin, ṣùgbọ́n aṣọ kan ṣoṣo ni òjò bà jẹ́. Ìyá náà bi mí níbi tí mo ti wá. Mo ní Ṣakí.

"Ṣakí, máa bọ̀ lọ́la," ni wọ́n wí.

Bí mo ṣe di ọmọṣẹ́ Àlàájà nìyẹn. N kò ra bàtà náà mọ́.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni Àlàájà. Àǹkárá, gíní àti léèsì ni wọ́n ń tà. Iṣẹ́ mi ni kí n tú bẹ́ẹ̀lì, kí n wọn aṣọ ní yáàdì, kí n ká a kí etí rẹ̀ bára mu, kí n sì máa pe àwọn tó ń kọjá. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló nira fún mi jù. Èmi tí odindi kíláàsì máa ń dìde kí, mo wá ń bẹ obìnrin tí n kò mọ̀ rí pé, "Àǹtí mi, ẹ wá fọwọ́ kàn án, ẹni tó wò kò tíì rà." Oṣù mẹ́ta kọjá kí ohùn mi tó là. Nígbà tí mo lé ní ọdún kan níbẹ̀, Àlàájà fún mi ní kọ́kọ́rọ́ kejì ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí n máa ṣí i láràárọ̀. Mo so ó mọ́ okùn, mo fi sọ́rùn. N kò rí ẹni tí mo lè ròyìn ayọ̀ ọjọ́ náà fún nílé, nítorí ọ́fíìsì tí mo sọ fún wọn pé mo ti ń ṣiṣẹ́, ọlọ́dẹ ló yẹ kó máa ṣí i.

Kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ mi pè mí ní ìlà wa. "Ṣakí" ni gbogbo wọn ń pè mí. Ó kọ́kọ́ dùn mọ́ mi, nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí bákan. Ní Ṣakí, ta ni yóò pe èèyàn ní Ṣakí? Ọmọ lágbájá ni ọ́, ilé báyìí lo ti wá. Àfi téèyàn bá kúrò nílé ni ìlú rẹ̀ ń di orúkọ rẹ̀. Bí mo bá sì pe ilé, "ará Èkó" ni wọ́n ń kí mi. Orúkọ méjì, kò sí èyí tí mo lè jókòó lé nínú wọn.

Bóyá òun ni ara mi kì í fi í balẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tí ọjà bá wà ní títì, n kì í lè gbélé. Màá fẹsẹ̀ rìn láti Ailegun, màá gba Ìsọlọ̀ kọjá, màá rìn títí màá fi dé Òṣòdì. Màá gun orí afárá ẹlẹ́sẹ̀, màá dúró, màá máa wo àwọn bọ́ọ̀sì tó ń lọ Erékùṣù, tí orúkọ ibi tí wọ́n ń lọ wà níwájú wọn. Obalende. CMS. Lẹ́yìn náà màá sọ̀ kalẹ̀, màá padà sílé. N kò wọ ọ̀kankan rí. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá dé Marina, màá rí ilé tó yẹ kí n máa wọ̀ láràárọ̀, màá sì rí àwọn ọmọge tó ń wọ̀ ọ́.

Irọ́ náà ní tirẹ̀ kò dúró sójú kan. Ohun tí mo bá gbọ́ lẹ́nu àwọn oníbàárà wa tó ń ti Erékùṣù wá, mo ń fi kún un. Mo sọ fún Màámi pé afẹ́fẹ́ òkun máa ń gba ojú fèrèsé wọlé, pé ó máa ń gbá ìwé kúrò lórí tábìlì mi.

"Kí lo wá ń gbé lé e?" ni Màámi béèrè.

"Òkúta, mà."

"Òkúta wo? Ṣé òkúta wà létí òkun ni?"

"Ọ̀gá mi ló rà á."

Ní àsìkò òjò ọdún kejì, ibà dá mi dùbúlẹ̀. Àlàájà ló wá mi délé nígbà tí wọn kò rí mi, àwọn ló gbé mi lọ sílé ìwòsàn ní Ìsọlọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́jọ́ ọjà, wọ́n jókòó ti bẹ́ẹ̀dì mi láti àárọ̀ títí oòrùn fi rọ̀, wọ́n ń fi tẹ̀súbà wọn ṣàdúrà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìgbà tí wọ́n jáde lọ ra ẹ̀kọ fún mi ni Màámi pè. Mo sọ fún wọn pé mo wà nípàdé, pé àwọn ọ̀gá ń bá wa sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Àlàájà wọlé bí mo ṣe ń gbé fóònù sílẹ̀.

"Ìyá rẹ ni? Ṣé o sọ fún wọn pé ara rẹ ò yá?"

"Mi ò fẹ́ já wọn láyà ni, mà."

"O ṣe dáadáa," ni Àlàájà wí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í po ẹ̀kọ náà fún mi.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn tí Màámi pè lọ́jọ́ Ajé kan. "Mò ń bọ̀ ní Jímọ̀ọ̀. Bàbá Àgbà ti bá onímọ́tò sọ̀rọ̀ fún mi. Mo fẹ́ fojú ara mi rí òkun yẹn, kí n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ."

Mo gbàyè ọjọ́ méjì lọ́wọ́ Àlàájà. Inú wọn dùn. "Mú wọn wá kí n rí wọn," ni wọ́n wí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, n kò sì ní in lọ́kàn rárá.

Mo pàdé Màámi ní gáréèjì Òṣòdì lọ́sàn-án Jímọ̀ọ̀. Wọ́n gbé àpò èlùbọ́ kan lérí, wọ́n fi ọwọ́ gbá gálọ̀ọ̀nù oyin kékeré mọ́ àyà, wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ wọn. "Èlùbọ́ ni tìrẹ," ni wọ́n wí. "Oyin yìí, ti ọ̀gá rẹ ni."

Nígbà tí a dé yàrá tí mo ti gbà fúnra mi nígbà náà, nínú ilé kan náà, Màámi dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo gígùn rẹ̀, wọ́n wo ìbú rẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá ibí ni àwọn ará ọ́fíìsì ń gbé. Mo ní ìgbà díẹ̀ ni, pé màá kó lọ sí Erékùṣù láìpẹ́. Wọn kò sọ nǹkan kan. Wọ́n mú ìgbálẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀ tí mo ti gbá.

Ní Sátidé, a tètè jáde. Gbogbo èrò mi ni pé kí n máa mú Màámi rìn, kí n fi ìlú hàn wọ́n débi tí wọn kò ní ráyè bi mí ní ìbéèrè. Nítorí Sátidé ni, mo mọ̀ pé àwọn ọ́fíìsì yóò wà ní títì. Wọ́n gbé gálọ̀ọ̀nù oyin náà dání. Mo ní kí wọ́n fi í sílé. Wọ́n ní, "Bí a bá wá pàdé ọ̀gá rẹ lọ́nà ńkọ́?"

Bọ́ọ̀sì ńlá kan ni a wọ̀ ní Òṣòdì. Àárọ̀ ṣì ni, ọ̀nà já geere. Bí a ṣe gun afárá gígùn tó kọjá lórí omi, omi tẹ́ lọ lápá òsì bí aṣọ tí a tú ká. Lápá ọ̀tún, àwọn ilé onípákó dúró sínú omi, èéfín ń rú láàárín wọn, obìnrin kan ń wa ọkọ̀ láti ojúlé kan dé ojúlé kejì bí ẹni tó ń lọ yá iyọ̀.

"Òkun náà nìyí?" ni Màámi béèrè.

"Òun náà nìyẹn, mà."

Bàbá kan tó jókòó níwájú wa yíjú padà. "Ọ̀sà ni, Màmá," ló wí jẹ́jẹ́. "Òkun ṣì wà níwájú."

Màámi wò mí. Mo ní n kò gbọ́ ìbéèrè wọn dáadáa ni.

Ní CMS, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo mú Màámi wo àwọn ilé gogoro tó kọjú sí omi, mo mú wọn dé gbàgede Tinúbú, mo fi àwọn ilé àtijọ́ tí àwọn baba ńlá Èkó kọ́ hàn wọ́n, àwọn tó ní fèrèsé onígi àti òdòdó lára ògiri. Mo ń fìka tọ́ka bí ẹni tó mọ ibẹ̀. Èmi náà ń rí wọn fún ìgbà àkọ́kọ́, ó wù mí kí n dúró wò wọ́n, ṣùgbọ́n n kò lè dúró. Bí Màámi bá ti ń wá ibi jókòó, màá ní ó ku ibì kan.

"Ta ló ń lé wa?" ni wọ́n bi mí.

A tún já sí Marina. "Èwo ni ọ́fíìsì rẹ nínú gbogbo èyí?"

Mo tọ́ka sí èyí tó sún mọ́ wa jù, ilé onígíláàsì kan tó ga dé ọ̀run. Èrò mi ni pé wọ́n á wò ó lókèèrè, a ó sì máa lọ. Kí n tó mọ̀, Màámi ti sọdá títì. Bàbá ọlọ́dẹ kan tí irùngbọ̀n wọn ti funfun jókòó sẹ́nu géètì. Màámi tẹ orúnkún díẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọmọ mi yìí ló ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín níbí. Mo ní kí n yà kí yín. Ẹ ṣeun tí ẹ ń bá wa wò ó."

Bàbá ọlọ́dẹ wo Màámi, wọ́n wo gálọ̀ọ̀nù oyin, wọ́n wá wò mí. Wọ́n wò mí pẹ́. N kò lè gbé ojú sókè. Bàtà ẹsẹ̀ wọn ni mo ń wò.

"Ẹ̀yin ni ìyá wọn," ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, mà. Ọmọ dáadáa ni. Kì í kọjá láìkí mi."

Omi lé sójú Màámi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í súre. Wọ́n ní níwọ̀n bí ọ̀gá kò ti sí níbẹ̀ lónìí, kí Bàbá gba oyin náà, àwọn tó ń ṣọ́ ọmọ ẹni ni ọ̀gá. Bàbá ọlọ́dẹ kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gbà á. Nígbà tí Màámi ti ń lọ níwájú, bàbá náà ṣẹ́wọ́ sí mi, mo padà sọ́dọ̀ wọn.

"Nítorí ìyá rẹ ni mo ṣe ṣe bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Má tún gbé irú irọ́ bẹ́ẹ̀ lé ẹlòmíì lọ́wọ́."

Mo sáré bá Màámi.

A wọ ọkọ̀ ojú omi ní etídò tó wà nítòsí ibẹ̀, èyí tó ń lọ Tarkwa Bay, etí òkun tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn oníbàárà wa. Wọ́n fún wa ní ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Mo rọ̀ mọ́ etí ọkọ̀ náà. Màámi, tó jẹ́ odò tí à ń fẹsẹ̀ là kọjá nìkan ni wọ́n mọ̀ nílé, àwọn ni wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú. Ọkọ̀ náà ń fò lórí omi, ó ń já wa lulẹ̀, a kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ga ju mọ́ṣáláṣí lọ, irin wọn tó ti dógùn-ún pọ́n bí ilẹ̀ Ṣakí. Nígbà tí a gúnlẹ̀, a rìn kọjá láàárín àwọn igi, a sì já síta.

Òkun ni.

Mo ti padà lọ síbẹ̀ nígbà púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Mo ti rí i ní Bàdágìrì, mo ti rí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, nítorí láti ọjọ́ náà n kì í dúró lórí afárá Òṣòdì mọ́, mo ń wọ bọ́ọ̀sì náà ni. Síbẹ̀ n kò tíì rí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi ṣe àpèjúwe rẹ̀ bó ṣe rí lójú mi ní àkọ́rí. Gbogbo ohun tí mo ti fi ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ sọ fún àwọn ará ilé, kò sí èyí tó jọ ọ́ nínú wọn. N kò sọ pé ó máa ń dún. N kò mọ̀ pé ó máa ń dún.

Màámi bọ́ bàtà wọn, wọ́n fi há abíyá, wọ́n rìn lọ sétí omi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìka kàn án, wọ́n tọ́ ọ wò.

"Iyọ̀ ni lóòótọ́," ni wọ́n wí, bí ẹni tó ti ń bá ẹnì kan jiyàn ọ̀rọ̀ náà láti kékeré.

Ìgbì ńlá kan dìde. Màámi dúró síbẹ̀, omi náà bò wọ́n dé orúnkún, ó tún padà. Èmi ni mo sá. Mo sá débi pé bàtà mi kan há sínú yanrìn, mo fọwọ́ méjèèjì ṣubú. Àwọn ọmọdé tó ń ṣeré níbẹ̀ fi mí rẹ́rìn-ín. Màámi kò rẹ́rìn-ín.

"O sá fún un bí ẹni tí kò rí i rí."

Mo jókòó sínú yanrìn. Irọ́ mìíràn ti wà létè mi, mo kàn ní kí n sọ ọ́ jáde ni. Mo rántí ojú bàbá ọlọ́dẹ.

"Mi ò rí i rí, mà," ni mo wí. "Òní ni mo kọ́kọ́ rí i."

Mo wá sọ gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin tí fóònù rẹ̀ kò lọ, ilé onígíláàsì tí n kò wọ̀ rí, Aswani, tábìlì aṣọ, òjò. Màámi ti wá jókòó tì mí, wọ́n na ẹsẹ̀ síwájú, wọ́n ń wo òkun. Nígbà tí mo dákẹ́, wọ́n béèrè ohun kan ṣoṣo.

"Ta ló ti ń ṣe ìyá fún ọ látìgbà yìí?"

Mo sọ̀rọ̀ Àlàájà fún wọn. Mo sọ ti ibà, ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù, ti ẹ̀kọ tí wọ́n pò fún mi. Màámi dìde, wọ́n gbọn yanrìn kúrò lára ìró wọn.

"Ẹni tó ti ilẹ̀kùn ọjà nítorí ọmọ mi ló ń bẹ ní Aswani," ni wọ́n wí, "mo sì gbé oyin rẹ̀ fún ẹni ẹlẹ́ni. Dìde. A ń lọ."

Mo ní ó yẹ kí a sinmi díẹ̀, a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Wọ́n ti ń rìn lọ.

Ọkọ̀ kò lè gbéra àfi tó bá kún. A dúró pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí a fi máa padà dé Òṣòdì, ọjà ti tú. Ọjọ́ Àìkú kọjá, Màámi kò bá mi sọ ju ọ̀rọ̀ oúnjẹ lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n gbé odindi àpò èlùbọ́ tó yẹ kó jẹ́ tèmi lérí.

Àlàájà wà lórí àga wọn níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo ní, "Màámi nìyí, mà." Màámi sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. Àlàájà sáré dìde, wọ́n fà wọ́n lọ́wọ́.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi. Kí lẹ̀ ń ṣe báyìí?"

"Ẹ jẹ́ n kúnlẹ̀. Oyin ni mo gbé bọ̀ fún yín láti ilé, ẹlòmíì ló gbà á. Ọmọ mi ló máa sọ bó ṣe jẹ́."

Oníbàárà méjì ló dúró níbẹ̀. N kò lè ní kí wọ́n jáde. Mo sọ ọ́. Ó rọrùn fún mi létí òkun ju bó ṣe rọrùn lójú Àlàájà lọ. Wọ́n gbọ́ ọ délẹ̀, wọ́n ń ká léèsì kan tó ti wà ní kíká tẹ́lẹ̀.

"Nínú ìtàn tí ò ń sọ fún wọn nílé yẹn," ni wọ́n wí, "kí ni mo jẹ́?"

"Ẹ ò sí nínú rẹ̀, mà."

Àlàájà mi orí. "Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti wà nínú ọjà yìí. Inú rẹ̀ ni mo ti rán ọmọ mẹ́rin níwèé. Mi ò mọ̀ pé ìtìjú ni."

Wọ́n na ọwọ́. Mo mọ ohun tí wọ́n ń béèrè. Mo bọ́ okùn kọ́kọ́rọ́ náà lọ́rùn mi, mo fi lé wọn lọ́wọ́. Màámi rí i, wọn kò bẹ̀bẹ̀ fún mi. Àlàájà wá fa àga kejì jáde, wọ́n ní kí Màámi jókòó, wọ́n bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń ro èlùbọ́ Òkè-Ògùn kó má baà di kókó. Àwọn méjèèjì bá ọ̀rọ̀ lọ títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, Àlàájà béèrè bí òkun ṣe rí, wọ́n ní àwọn náà kò tíì dé ibẹ̀ rí, pé ọjà ni kì í jẹ́. Màámi sọ fún wọn pé iyọ̀ ni lóòótọ́.

Ní Ọjọ́rú, mo sin Màámi dé Òṣòdì. Mo ti ń ro ohun tí wọ́n máa sọ nílé. Mo bi wọ́n.

"Kì í ṣe ẹnu mi ni irọ́ náà ti jáde," ni wọ́n wí. "Bí wọ́n bá bi mí, màá ní kí wọ́n pè ọ́. Sọ ọ́ fún Bàbá Àgbà kí n tó délé." Wọ́n fọwọ́ nu ojú mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò sunkún. Wọ́n wọ mọ́tò.

Láti Òṣòdì dé Aswani, mo mú fóònù jáde bí ìgbà mẹ́fà. Ní ṣọ́ọ̀bù, mo wọn aṣọ, mo ṣì í wọ̀n, mo tún un wọ̀n. Nígbà tí àwọn èèyàn dín kù lọ́sàn-án, Àlàájà ní kí n lọ jókòó síbì kan kí n ṣe ohun tó ń dà mí láàmú, kí n má ba àwọn ní aṣọ jẹ́. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀lì, mo tẹ nọ́ńbà.

Bàbá Àgbà gbé e. Mo kí wọn, mo sì sọ ọ́ kí ọkàn mi tó yí padà: kò sí ọ́fíìsì, fóònù ọkùnrin yẹn kò lọ, aṣọ ni mò ń bá wọn tà ní Aswani, ó ti pẹ́. Wọ́n húkọ́.

"O jẹ́ kí n purọ́ fún àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí," ni wọ́n wí.

"Ẹ má bínú, sà."

"Màá bínú. Ìbínú náà ń bọ̀. Tó o bá wálé, wàá bá a níbí." Wọ́n tún húkọ́. "Aswani. Irú aṣọ wo lẹ̀ ń tà níbẹ̀?"

"Àǹkárá, sà. Léèsì. Gíní."

"Ṣé ẹ ní gíní aláwọ̀ ewé? Èyí tí mo fi kírun Iléyá tó kọjá ti gbó."

Mo ní ó wà. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gan-an, a ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u ni, ó ń dán.

"Ṣé kì í ṣá?"

Ẹnu mi ti fẹ́ sọ pé kì í ṣá. Bí a ṣe ń dá gbogbo oníbàárà lóhùn nìyẹn. Mo ní kí Bàbá Àgbà dúró. Mo fa etí gíní náà, mo tì í bọ inú bútà tí Àlàájà fi ń ṣe àlùwàlá, mo fi áńkáṣíìfù funfun mi wé e, mo sì fún omi rẹ̀ jáde. Àwọ̀ ewé wà lára áńkáṣíìfù náà. Àlàájà ti gbójú sókè, wọ́n ń wò mí.

"Àwọ̀ rẹ̀ ń jáde, sà," ni mo wí. "Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹta, yóò ṣá."

Àlàájà dìde, wọ́n na ọwọ́ sókè pátápátá lórí àtẹ, wọ́n fa gíní mìíràn yọ, aláwọ̀ ewé tó ki ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n jù ú sórí itan mi.

"Sọ fún wọn pé èyí ò ní ṣá," ni wọ́n wí.

Mo tì í bọ inú omi ná kí n tó sọ ọ́.